Ẹni Tí Kò Gbọ́ Òyìnbó

Bí ẹ bá gba Ìtòrò kọjá ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1984, ẹ máa gbọ́ ẹ̀rọ wa kí ẹ tó rí ilé wa. Gbà-kà, gbà-kà, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ará àdúgbò kì í bínú sí i. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà bá dákẹ́ ni wọ́n máa ń yọjú wá béèrè pé ṣé kò sí nǹkan o. Ilé ìtẹ̀wé Ògúnbánwò ni wọ́n ń pè é. Albert Ògúnbánwò ló ni ín, èmi Helen Ṣíjúadé ni mo sì ń ka ohun tí a bá tẹ̀, kí àṣìṣe má bàa wà nínú rẹ̀. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mí tẹ́lẹ̀. Mo bá ọ̀gá ilé-ìwé kan jà, mo sì kó ẹrù mi jáde lọ́jọ́ náà gan-an. Inú mi máa ń tètè bí, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé ìwà náà ti fi mí sílẹ̀.

Òórùn ibẹ̀ ṣì wà ní imú mi: ìǹkì, kẹrosíìnì tí a fi ń fọ lẹ́tà, àti bébà tuntun. Lẹ́tà òjé là ń lò nígbà náà. Ẹ ó ṣa á lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú àpótí, ẹ ó tò ó sórí irin lódìlódì, títí yóò fi di ọ̀rọ̀, títí ọ̀rọ̀ yóò fi di odidi ojú ìwé. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀ la fi ọwọ́ tò. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tẹ bọ́tìnnì, ó dé. Mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n wọn ò mọ adùn tó wà nínú kéèyàn gbé ojú ìwé kan sọ́wọ́, kó sì wúwo.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù nínú àwọn tó ń to lẹ́tà ni Ìyá Mọ́ṣádé. Ìbítáyọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìbẹfun ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú, òun àti Mọ́ṣádé, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ni wọ́n jọ ń gbé yàrá kan ní Ìjàgun. Ó fi nǹkan bí ọdún márùn-ún jù mí lọ. Kò gbọ́ òyìnbó rárá. Lẹ́tà tó bá rí lórí ìwé tí a gbé síwájú rẹ̀ náà ló máa ń tò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa yára bí ọwọ́ ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà.

Lọ́sàn-án, èmi àti rẹ̀ la jọ máa ń mu gààrì. Gààrì Ìjẹ̀bú tó kan gidi, omi tútù láti inú àmù, ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Tíṣà, ẹ mu ún kó tó wú," èmi a sì máa rojọ́ lọ títí gààrì á fi kún abọ́ tán. Á wá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀bà tútù ni mo fẹ́ jẹ. Mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn jẹun láti ìgbà náà. Mi ò tíì rí ẹni tí mo bá jẹun tí ara mi balẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún náà, àwọn ọ̀gá ilé-ìwé mẹ́ta wá bá Ọ̀gá Albert. Àwọn ilé-ìwé bíi mélòó kan ti fìmọ̀ ṣọ̀kan pé ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ fọ́ọ̀mù fáìfù wọn máa fi ṣe mọ́ọ̀kì, ìdánwò tí wọ́n fi ń dán ara wọn wò kí Wáẹ́ẹ̀kì tó dé. Lọ́dún tó kọjá, ìlú mìíràn ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ìbéèrè sì jò. Àwọn ọmọ ti mọ ìdáhùn kí wọ́n tó jókòó. Ìjọba sójà sì ti dé báyìí, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Ògúnbánwò, bí ìbéèrè kan ṣoṣo bá jáde níbí, a ò ní dákẹ́. Gbogbo ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì tó ń gbé iṣẹ́ wá fún yín ló máa gbọ́."

Orúkọ rere nìkan ni ilé ìtẹ̀wé kékeré ní. Ta ló máa gbé ìwé ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń jò?

Ọmọ àbúrò mi kan ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní báńkì ní Èkó báyìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí àwọn olè má rí inú kọ̀ǹpútà wọn. Ó ṣàlàyé fún mi lọ́dún ìjẹta pé bí ewu bá dojú kọ òwò, ọ̀nà mẹ́rin ló wà: kéèyàn yà fún un, kó wá ẹni tó máa bá a pín in, kó dín in kù, tàbí kó gbà á bẹ́ẹ̀ kó máa wòye. Ó ní wọ́n fi oṣù mẹ́ta kọ́ àwọn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Orí bẹ́ǹṣì kan ní Ìtòrò la ti fi ọ̀sán kan ṣoṣo yẹ gbogbo rẹ̀ wò, àwa mẹ́ta tí a ò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan nítorí rẹ̀.

Susannah, ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Albert, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òun ló ràn án lọ́wọ́ nígbà tó ń ra ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń wúwo. Ó ní, "Albert, dá iṣẹ́ yìí padà fún wọn. Ohun tí a ò gbà, kò lè bọ́ lọ́wọ́ wa."

Ọ̀gá Albert ò gbà. Ó ti ránṣẹ́ sí ọkùnrin ìnṣọ́ránsì kan. Ọkùnrin náà wá pẹ̀lú báàgì dúdú rẹ̀, ó ní àwọn lè bá wa gba ewu iná àti ewu olè. Nígbà tí a bi í pé ti ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu èèyàn ńkọ́, ó wò wá bíi pé orí wa ò pé. Ó pa báàgì rẹ̀ dé.

Ni Ọ̀gá bá ní ká ti gbogbo òṣìṣẹ́ mọ́lé títí ìdánwò á fi parí. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Àwọn obìnrin tó ní ọmọ nílé.

Èmi ni mo wá la ọ̀nà tiwa. Mo ní kí a mú kí ojú tó máa rí ìwé náà kéré, kí ojú tó bá sì rí i má mọ ohun tó rí. Ẹ jẹ́ kí Ìyá Mọ́ṣádé nìkan to gbogbo lẹ́tà náà nínú yàrá ẹ̀yìn, èmi nìkan á kà á, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́. Bébà tó bá bàjẹ́, èmi á sun ún, èmi á sì ro eérú rẹ̀ pọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú lójoojúmọ́, a ó ti tú lẹ́tà ká padà sínú àpótí.

Susannah ní, "Ìyá Mọ́ṣádé tí ọmọ rẹ̀ wà ní fọ́ọ̀mù fáìfù?"

Mo ní, "Kò gbọ́ òyìnbó, Ma. Kí ló fẹ́ sọ fún ọmọ?"

A pè é wọlé. Mo bi í pé ṣé ó gbọ́ òyìnbó. Ó ní, "Tíṣà, kò ju 'gúdù mọ́nìn' lọ." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Albert na ọwọ́ sí mi, ó ní ọgbọ́n pọ̀ lórí mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú mi dùn gan-an. Mo rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

A bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò lọ, Bàọ́lọ́jì lọ, Hísítìrì lọ. Mo máa ń já àpòòwé kan lẹ́ẹ̀kan, màá gbé e fún Ìyá Mọ́ṣádé, màá jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Bó bá tò ó tán, màá kà á, màá fi báírò pupa sàmì sí i. Kì í bínú sí àmì mi. Á kàn ní, "Òyìnbó yìí mà ní wàhálà o, lẹ́tà kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra wọn," á sì tún un tò. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, kò sí wàhálà kankan. Mo ti ń gbọ́ ìyìn àwọn ọ̀gá ilé-ìwé létí mi.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ kẹsàn-án. Mo já àpòòwé, mo gbé e fún un, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi. Kò pẹ́ ni mo gbọ́ ẹ̀rín láti inú yàrá. Ẹ̀rín gidi, èyí tó ń ti inú wá. Mo ṣí ilẹ̀kùn.

Mo ní, "Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

Ó ní, "Ọkùnrin yìí mà gọ̀ o, Tíṣà. Ẹ wá gbọ́. Ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ rẹ̀, ó wá fa ewúrẹ́ lọ sí kóòtù, ó ní kí adájọ́ ka inú ẹ̀!" Ó sì gbé ìwé náà sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi, ohùn rẹ̀ tutù, kò kọsẹ̀ níbì kan.

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi yé o, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni àyà mi já.

Ìbéèrè Yorùbá ni. Àkọlé rẹ̀ wà lára àpòòwé gàdàgbà, mo ti rí i, kò sì sọ nǹkan kan fún mi. Láti kékeré ni wọ́n ti ń nà wá nílé-ìwé bí a bá sọ Yorùbá, èmi náà dàgbà, mo di tíṣà, mo sì na àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí mo bá sọ pé ẹnì kan ò mọ̀wé, òyìnbó ni mò ń sọ. Obìnrin yìí ń ka Bíbélì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lójú mi ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Mo ń wò ó, mi ò sì rí i.

Ó yẹ kí n bínú sí ara mi. Òun ni mo bínú sí.

Mo ní, "Ìwọ! O mọ̀ pé o lè kà á, o sì dákẹ́! O fẹ́ tà wá fún ayé!" Mo pe obìnrin tó jù mí lọ ní ìwọ, lójú Ọ̀gá Albert tó ti sáré wọlé.

Ó gbé ìwé náà kalẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nínú àkísà, ìka kan lẹ́yìn èkejì. Ó ní, "Tíṣà, òyìnbó lẹ bi mí. Mo dá yín lóhùn. Ẹ ò bi mí bóyá mo mọ̀wé kà."

Kí ni ká wá ṣe? Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn ọmọ máa kọ ìbéèrè náà. Bí a bá ní kí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé yí i padà, a ti fi ẹnu ara wa jẹ́wọ́ pé ó ti jáde. Ọ̀gá Albert jókòó sórí àpótí, ó di orí mú.

Ìyá Mọ́ṣádé fúnra rẹ̀ ló wá ọ̀nà. Ó ní, "Mọ́ṣádé ò mọ Yorùbá yìí dáadáa, ó ti ń sunkún rẹ̀ sí mi létí. Bí mo bá ń rí i lójoojúmọ́, ìyá ni mí, mi ò lè fi ẹnu mi búra. Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìmùṣin. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ tán, màá padà." Ó yíjú sí mi. "Tíṣà, ẹ bá mi máa yọjú sí ọmọ mi. Bí ohunkóhun bá ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ránṣẹ́ sí mi."

Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo sọ sí i, èmi náà ló fi ọmọ rẹ̀ tì. Mo ní mo ti gbọ́.

Ó lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ajé, Rachel tí wọ́n jọ ń gbé ilé ní Ìjàgun sáré wá bá mi ní ilé ìtẹ̀wé. Ó ní ibà ti dá Mọ́ṣádé dùbúlẹ̀, àwọn ti gbé e lọ sí ọsibítù. Mo gbé báàgì mi, mo lọ. Omi ń kán sí ọmọ náà lápá. Nọ́ọ̀sì ní yóò yè, kí n má bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ibà náà le, kò sì jọ pé yóò lè jókòó ṣe ìdánwò lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní, "Ìyá rẹ̀ ló ń pè láti àárọ̀. Ṣé ẹ̀yin ni?"

Mo ní rárá.

Mọ́tò tó ń lọ sí Ìmùṣin wà ní gáréèjì, kò jìnnà sí ibi tí mo dúró. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ìyá ì bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Mo dúró lábẹ́ igi níwájú ọsibítù náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò mi. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń wá kí i. Bí ìyá bá jókòó tì í, tí ọmọ ń sunkún pé òun máa pàdánù ìdánwò, ṣé kò ní sọ ìtàn ọkùnrin tó fa ewúrẹ́ lọ sí kóòtù láti fi pa á lẹ́rìn-ín? Ta ni yóò wà nítòsí tí yóò gbọ́ ọ? Gbogbo rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù, ọmọ náà ò sì ní kú. Nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Albert bi mí pé, "Ṣé ká ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀?" Mo ní kó jẹ́ kó di ọjọ́ Ẹtì. Kò bá mi jiyàn. Gbogbo àárọ̀ ni mo ń gbé ògì gbígbóná lọ fún Mọ́ṣádé. Bó bá bi mí pé ìyá òun ńkọ́, màá ní, "Ó ti wà lọ́nà." Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó gbà mí gbọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta kò bi mí mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, bí wọ́n ti kó ìwé ìdánwò náà jọ tán, mo wọ mọ́tò. Mo bá Ìyá Mọ́ṣádé níwájú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ti wẹ̀, ó ń retí. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo sọ fún un.

Ó ní, "Láti ìgbà wo?"

Mo ní, "Ọjọ́ Ajé."

Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó ṣíwájú mi lọ wọ mọ́tò Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tó wọ yàrá ọsibítù, Mọ́ṣádé kọ ojú sí ògiri.

Ìbéèrè ò jò o. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó jáde. Àwọn ọ̀gá ilé-ìwé kọ lẹ́tà ìyìn sí wa, wọ́n sì ń gbé iṣẹ́ náà wá fún wa lọ́dọọdún, títí ẹ̀rọ tuntun fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwa tó ń fọwọ́ to lẹ́tà. Ọ̀gá Albert fi gíláàsì bo lẹ́tà ìyìn náà, ó gbé e kọ́ sí ara ògiri. Bí àlejò bá dé, á ní, "Ọgbọ́n Tíṣà ni." Ilé náà ti di ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù báyìí. Mo gba ibẹ̀ kọjá lóṣù tó kọjá, orin ń dún gbòlà-gbòlà níbẹ̀, ọkàn mi sì fà sí ariwo ẹ̀rọ wa débi pé mo ní láti dúró díẹ̀.

Mọ́ṣádé gbádùn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó jáde ní ọsibítù ni ìyá rẹ̀ wá kó ẹrù rẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé: tìmùtìmù kékeré tó ń fi sórí àpótí ìjókòó rẹ̀, àti abọ́ tó fi ń mu gààrì. Ọ̀gá Albert bẹ̀ ẹ́, Susannah bẹ̀ ẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní àwọn ń padà sí Ìbẹfun. Èmi dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, mo ní, "Ìyá Mọ́ṣádé, ẹ má bínú."

Ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun kan. Bó bá jẹ́ pé mo gbọ́ òyìnbó ni, tí mo jẹ́ tíṣà bíi tiyín, tí ọmọ mi dùbúlẹ̀ tó ń pè mí, ṣé ẹ máa fi pa mọ́ fún mi?"

Kò fi ìbínú bi mí. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Ó dúró, ó gbé abọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó sì fún mi láyè tó pọ̀ láti dáhùn.

 Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó sì lọ.

Rárá ni ìdáhùn náà. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi, mo sì gbé e mì.